Ìdẹ Tó Ń Rìn: Ẹ Sọ Ohun Tójú Yín Rí Lódò

Mo ti ń ka ìtàn ẹja pípa táwọn tó ṣáájú kọ síbí láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ọ̀fà ni mò ń gbé, odò Ọ̀yun sì ni mo ti ń ju ìwọ̀ láti kékeré. Bí mo ṣe ń ṣe é ò le: ekòló lẹ́nu ìwọ̀, òjé ńlá lórí okùn, n ó ki ọ̀pá bọlẹ̀, n ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Èpìyà tí ò tó àtẹ́lẹwọ́ ló sábà ń jẹ́ èrè mi.

Àbúrò mi tó wà ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló là mí lójú. Lọ́hùn-ún, wọn kì í dẹ ẹja tí wọ́n ń pè ní barbel lódò láti 15 oṣù kẹta dé 15 oṣù kẹfà. Láàárọ̀ 16 tí odò ṣí, ó pè mí lórí fídíò láti etí odò Trent. Barbel náà ló ń wá. Ó ní irun mẹ́rin lẹ́nu, ẹnu náà sì dojú kọ ilẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. (Mo sọ fún un pé àrọ̀ tiwa ní mẹ́jọ.) Ẹran inú agolo ló gé wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà oníhóró, ó fi ọ̀kan sẹ́nu ìwọ̀, ó jù ú sómi, kò sì jẹ́ kó jókòó. Omi ń yí i lọ lórí òkúta wẹẹrẹ ìsàlẹ̀ odò, òun di okùn mú láàárín ìka méjì. Ó ní bí òkúta bá mú un, okùn á kàn dúró. Bó bá jẹ́ ẹja, á ta pọ́n-ún. Ó ta lóòótọ́. Ó fa ẹja náà jáde, ó yà á ní fọ́tò, ó sì rọra dá a padà sómi.

Ìyá wa já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ṣe ọ́?"

Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, Ìyá, pé ẹyin barbel gan-an ní májèlé, ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru.

"Ṣé ẹyin nìkan ló wà lára ẹja ni?"

Èmi náà fẹ́ fi dẹ àrọ̀ tiwa. Mo dúró títí òjò fi dáwọ́, tí Ọ̀yun fà díẹ̀, tí omi rẹ̀ mọ́. Agbára ẹran inú agolo ò sí, ìfun adìẹ ni mo lò, torí ó yi, omi kì í tètè já a kúrò lẹ́nu ìwọ̀. Òjé ńkọ́? Mo bẹ fọ́kanáísà kan, ó fún mi ní èyí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ etí ríìmù. Ó wúwo jù. Ó lọ sílẹ̀ gbàgà, ó dúró síbẹ̀, ìwọ̀ mẹ́ta ló há sábẹ́ òkúta kí n tó gbọ́n. Bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí ń wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ so odò mọ́lẹ̀ ni?" Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àwọn kì í so nǹkan kan mọ́ okùn rárá, àwọn á kàn máa bá ìdẹ rìn létí odò bí ẹni ń da ewúrẹ́. "Nottingham wo?"

Mo fi pínsà gé òjé náà sí mẹ́rin, ẹyọ kan ni mo fi sókùn. Ìgbà yẹn ló tó ń rìn, mo ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi bó ṣe ń ta pàá-pàá lórí òkúta. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rèé: àrọ̀ ò sí níbi tí omi ti ń sáré. Ìdí gbòǹgbò igi ló wà, níbi tí omi tó ń sáré ti pàdé èyí tó dákẹ́, ìdẹ sì gbọ́dọ̀ ti inú eré yẹn yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo jù ú bí ìgbà mẹ́jọ. Òkúta. Ewé. Òkúta. Lẹ́yìn náà, pọ́n-ún! Mo fà, ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, àṣé ẹja ibẹ̀ náà gbọ́. Nígbà tí mo wọ́ ọ dórí iyanrìn, ó gùn láti ìgúnpá mi kọjá orí ìka, ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gún mi ní àtàǹpàkò.

*

Ẹ̀gbọ́n, èmi ti gbìyànjú ẹ̀ lódò Àsà, láàárín Ìlọrin níbí. Ìdẹ rìn dáadáa o. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́rin ni mo rí mú, pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan.

*

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Jáde kúrò láàárín ìlú, tàbí kí o wá bá wa ní Ọ̀fà. Má sì lọ síbi tí wọ́n ti sé Ọ̀yun ní dáàmù nínú ọgbà Yunifásítì Ìlọrin: omi ibẹ̀ ò rìn, ìdẹ rẹ náà ò ní rìn.

Ẹni tó béèrè bóyá mo dá àrọ̀ náà padà sómi, àbúrò mi náà béèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá ló dá a lóhùn. Wọ́n kàn kọ ojú fóònù sí ìkòkò.