Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀kọ gbígbóná dà sí ọmọ mi lápá

Ìyá Mofẹ́, Apata
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lálẹ́ àná ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méjì, fa aṣọ orí tábìlì, ni ẹ̀kọ gbígbóná bá dà sí i lápá ọ̀tún, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Díẹ̀ ta sí i láyà. Oníkẹ́mísìtì àdúgbò wa fi jẹ́ńṣíàn, oògùn aláwọ̀ àlùkò yẹn, kùn ún, ó tún tú oògùn inú kápúsù lé e lórí. Láàárọ̀ yìí ó ti lé ròrò, ọ̀kan tóbi tó ẹyin adìẹ. Ìyá ọkọ mi ní omi ìgbín ni ká máa fi sí i, pé òun ni wọ́n fi wo ọkọ mi ní kékeré. Kí ni kí n fi pa á? Ṣé kí n bẹ́ èyí tó lé yẹn? Ilé ìwòsàn wo ló mọ ọmọ tọ́jú n'Ìbàdàn yìí?

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́yẹlé
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọmọ. Ẹ má bẹ́ ẹ o. Awọ tó bo omi yẹn ni kì í jẹ́ kí kòkòrò wọlé. Ẹ má fi nǹkan kan pa á mọ́. Ẹ wá aṣọ funfun tó mọ́, ẹ rọra fi bò ó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ wọn ojú iná náà wò, tìka tìka. Àtẹ́lẹwọ́ kan jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ara rẹ̀. Èyí tó bá ti ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ ti kúrò ní ti oníkẹ́mísìtì. Tó bá tó mẹ́wàá, omi ara ọmọ ń lọ nìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi sí i lára. Ti ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú ara àti oríkèé kò tiẹ̀ ní ìwọ̀n: bó ti wù kó kéré tó, dókítà ni. Ti ọmọ yín sì kan ìgúnpá.

Ẹ sọ ti jẹ́ńṣíàn yẹn fún wọn, torí ó ń pa àwọ̀ ojú egbò dà, wọn ò ní tètè mọ bó ṣe jìn tó. Tí ìlẹ̀kẹ̀ bá wà lọ́wọ́ náà, ẹ já a báyìí báyìí kí ọwọ́ tó wú.

Bàbá Ìbejì
Fún àwa yòókù tí à ń kà á: omi ni oògùn àkọ́kọ́. Omi tútù lásán, kì í ṣe ti yìnyín, kó máa ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú, bí wákàtí mẹ́ta kò bá tíì kọjá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ní omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn? Nígbà tí tíì dà sí ọmọ àbúrò mi lẹ́sẹ̀, píọ̀ wọ́tà ni wọ́n lò. Ìyá rẹ̀ ń feyín ja igun ọ̀rá, ó ń fún un sí i lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀kan ṣe ń tán ni ẹ̀gbọ́n ọmọ ń na òmíràn sí i. Wọ́n fi ìró bo àyà rẹ̀ kí òtútù má baà mú un. Aládùúgbò kan ti gbé ẹyin dé, òmíràn gbé ọṣẹ ìfọyín. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àjíkẹ́ Òjé
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ìgbín ni wọ́n fi wò mí, mo sì wà láàyè. Oyin ńkọ́, ṣé òun náà ti di nǹkan burúkú ni?

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́yẹlé
Ẹ̀gbọ́n mi, n ò bá oyin jà. Ó ń pa kòkòrò, àwọn dókítà míì sì ń lò ó fún egbò iná tí kò jìn. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣètò fún egbò ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣúgà lú ní bèbè títì. Ìgbín ní tirẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń wọ́ kiri. Ẹ jẹ́ kí màmá fi ẹran rẹ̀ se ọbẹ̀ fún ọmọ. Ara tó ń hu awọ tuntun ń fẹ́ ẹran, ẹyin, ẹ̀wà, ẹja. Ìtọ́jú nìyẹn náà, ojú kò sì ní ti màmá.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ ò tíì sọ ibi tí wọ́n máa lọ. Ilé ìwòsàn ọmọdé Oni Memorial wà ní Ring Road. Tó bá pọ̀ tàbí tó jìn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ni, wọ́n ní àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ awọ. Ẹ mú káàdì àjẹsára dání, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gba ti àrùn ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì), èyí tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ fún un ní parasítámọ̀ olómi kẹ́ ẹ tó jáde, ní ìwọ̀n tó bá a mu.

Ìyá Bọ́lá, Mókọ́lá
Nígbà tí egbò bá jiná niṣẹ́ míì ń bẹ̀rẹ̀ o, torí ìgúnpá lẹ pè é. Ọmọ á máa ká apá nítorí ìrora, awọ á sì le mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, kò ní lè nà án mọ́. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti ní ká máa na ti ọmọ mi lójoojúmọ́. Ẹkún ni nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bisikíìtì sórí fèrèsé, ọwọ́ tó jóná yẹn ló gbọ́dọ̀ fi mú un. Ó ń nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Òrí ni mo fi ń ra á lálaalẹ́ lẹ́yìn tí awọ pa dé pátá, torí ó ń yún un débi pé kì í sùn. Tí egbò bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò pa dé, ẹ bi wọ́n léèrè nípa lílẹ awọ, ìyẹn kí wọ́n mú awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ bo ojú egbò.

Ìyá Mofẹ́, Apata
A ti lọ, a ti dé. Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dì í, wọ́n ní ká padà wá lọ́tunla. Ṣé mo lè wẹ̀ fún un?

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́yẹlé
Ẹ fi tówẹ̀lì olómi nù ún lára, kí omi má ṣáà kan báńdéèjì. Tó bá ń rùn, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò tọ̀ dáadáa, tàbí tí ìka tó yọ síta bá wú tàbí tó tutù, ẹ má dúró de ọ̀tunla.