Ẹyẹ tó ń ké bí eku: kí ni ká máa pè é?

À ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ òkun ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló dábàá pé kí á máa pe ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Harlequin Duck lédè Gẹ̀ẹ́sì ní "pẹ́pẹ́yẹ aláwàdà". Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ yé mi. Harlequin ni aláwàdà inú eré orí ìtàgé àwọn ará Ítálì, aṣọ onírúurú àwọ̀ tí wọ́n rán pọ̀ ló máa ń wọ̀. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó fún ẹyẹ náà lórúkọ ní 1758, sì mú ọ̀rọ̀ Látìnì tó jẹ mọ́ òṣèré. Gbogbo ìyẹn dára. Orúkọ yẹn gan-an ni mi ò gbà.

Ẹ sọ "aláwàdà" fún Yorùbá, ẹ̀rín ló máa múra sílẹ̀ fún, kò ní ronú kan aṣọ rárá. Bó bá jẹ́ aṣọ alábala lẹ ń wá, eégún ló sún mọ́ ọn jù, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni fẹ́ "pẹ́pẹ́yẹ eégún" nínú wa. Akọ nìkan ló tilẹ̀ ní aṣọ ọ̀hún: ara rẹ̀ dà bí aró tó ti ń ṣá, ìlà funfun gba ọrùn àti àyà rẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n bí osùn. Abo ò ní nǹkan kan ju àwọ̀ ilẹ̀ lọ, àfi tóótòòtó funfun mélòó kan lójú. Orúkọ tí kò bá abo mu ti fi ìdajì ẹyẹ náà sílẹ̀.

Àwọn tó ń rí i lójoojúmọ́ ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é? Ní Newfoundland ní Kánádà, "àwọn ìjòyè àti olorì" ni, nítorí ọ̀ṣọ́ ara akọ. Àwọn ará Iceland ń pè é ní straumönd, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ inú omi tó ń ṣàn kíkankíkan, torí pé etí odò tó ń já wálẹ̀ láàárín òkúta ló ti ń yé ẹyin. Àwọn mìíràn ní "pẹ́pẹ́yẹ àpáta". Èyí tó wù mí jù ni ti etíkun Maine ní Amẹ́ríkà: "eku òkun". Ẹyẹ yìí kì í ké bí pẹ́pẹ́yẹ. Ohùn tín-ínrín ló ní, fín-ín fín-ín bí eku inú àjà.

Ẹ fojú inú wò ó nígbà òtútù. Ìgbì ń ya lu àpáta, omi ń hó funfun, ẹyẹ bíi mẹ́fà wà nídìí àpáta gan-an níbi tí ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dé. Ìgbì ńlá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ rò pé ó parí. Kò pẹ́, wọ́n tún yọ téńté lórí omi, ọ̀kan gbé akàn sẹ́nu. Wọ́n ń jìyà rẹ̀ o: nígbà tí wọ́n fi X-ray wo òkú wọn tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, egungun tó ti ṣẹ́ rí tó sì tún ti so pọ̀ ni wọ́n bá lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú ariwo òkun yẹn, ohùn eku yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí ẹyẹ.

Nítorí náà, àbá tèmi ni akébíeku. A ti ní afàyàfà, ìṣe ẹranko náà la fi sọ ọ́ lórúkọ. A ní tòlótòló àti kowéè, ohùn wọn ni. Mo kọ ọ́ ní kíkún torí bí a bá sọ ọ́ di "akébéku", eku ti sọnù nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹnìkan ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀: ìgbà tí ayé bá dàrú là ń sọ pé eku ò ké bí eku mọ́, ẹyẹ ò ké bí ẹyẹ. Ṣé a ò ní máa fi orúkọ pe ibi? Èmi ò rí ibi kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló jẹ́ kí orúkọ yìí wọlé sí Yorùbá létí ní kíá, irú èyí tí "aláwàdà" ò lè ṣe láéláé. Ibi tí ẹyẹ náà ń gbé tilẹ̀ jọ ibi tí ayé ti dàrú.

Àbúrò kan tún ní kí á pe pẹ́pẹ́yẹ òkun mìíràn, èyí tó ní ìrù gígùn, ní "ìyá arúgbó", nítorí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, Oldsquaw. Ẹ jọ̀ọ́, ká má dán an wò. Ọ̀rọ̀ èébú sí àwọn obìnrin onílẹ̀ ibẹ̀ ni squaw, láti 2000 sì ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ ti fi Long-tailed Duck rọ́pò rẹ̀. Àwọn ará Orkney àti Shetland, àwọn erékùṣù Scotland, ń pè é ní calloo, ohùn ẹnu rẹ̀ gan-an. Kalúù ti tó wa.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni Surf Scoter, pẹ́pẹ́yẹ òkun tí akọ rẹ̀ dúdú, àmọ́ tó ní funfun lórí. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń pè é ní "orí skunk", ẹranko dúdú onílà funfun tó ń rùn, a ò sì ní in. Mo ronú kan "onígèlè funfun", mo tún rántí pé akọ ló ni funfun náà. Mo wá ní "onífìlà funfun", ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níwájú orí, òmíràn wà ní ìpàkọ́. Ta ló ń dé fìlà méjì lẹ́ẹ̀kan náà?