Òògùn ojú Màámi ń dé ọkàn wọn bí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tòmíwá, Kubwa:
Ẹ kú ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Màámi ni mo gbé wá o. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, Ìlọrin ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà láti oṣù tó kọjá. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lo atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ojú kan níbí ní glaucoma, àrùn tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀, ń yọ wọ́n lẹ́nu, ó kọ timolol tí à ń kán sójú fún wọn, ẹ̀kán kan láàárọ̀, ẹ̀kán kan lálẹ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo òògùn míì, Màámi ní rárá. Mo bi wọ́n nílé, wọ́n ní, "Ìyẹn ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú lèyí ń wò."

Láti ọjọ́ kẹta ni òòyì ti ń kọ́ wọn. Mo ṣebí ooru Abùjá ni. Lóru àná wọ́n dìde láti lọ tọ̀, wọ́n ṣubú. Mo so ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ wọn lápá: tòkè tìsàlẹ̀ dára, àmọ́ nọ́ńbà kẹta tí n kì í wò rárá, 46 ni. Ṣé kí n da gbogbo ẹ̀ nù?

Nọ́ọ̀sì Àdùnní, Gwagwalada:
Ó ń dé ọkàn o. Ihò kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, òun ló ń jẹ́ kí imú dà bí a bá ń sunkún. Ibẹ̀ ni timolol ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀ kọjá bíi hóró tí a gbé mì, tí ẹ̀dọ̀ á ti dín agbára ẹ̀ kù. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti atenolol, beta-blocker ni àwọn méjèèjì, wọ́n ń dín eré ọkàn kù. Ìjánu méjì lẹ fi há ẹṣin kan lẹ́nu.

Iye ìgbà tí ọkàn ń lù ni nọ́ńbà kẹta yẹn. Ọkàn àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń lù láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. 46, pẹ̀lú òòyì àti ìṣubú? Ilé ìwòsàn lónìí ni, kí àkókò òògùn alẹ́ tó pé. Ẹ kó gbogbo òògùn dání, títí kan àgbo. Ẹ má sì fọwọ́ ara yín dá atenolol dúró lójijì, ó lè mú kí àyà máa dùn wọ́n.

Bàbá Káfílà, Kàdúná:
Ikọ́ fée ni tèmi. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí kò gbé mi, n kò sọ fún dókítà. Òru kejì timolol, àyà mi ń fọn fèrè! Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí latanoprost, ẹ̀kán kan lálẹ́ péré. Ó ń mú ojú pọ́n díẹ̀, irun ìpéǹpéjú sì ń gùn (ìyàwó mi ní mo ń ṣe fáàrí). Inú fíríìjì ni èyí tí ẹ kò tíì ṣí ń gbé, ẹ sì mọ iná wa.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ẹ fún omi àlùbọ́sà sí i lójú.

Nọ́ọ̀sì Àdùnní:
Ẹ jọ̀ọ́, ojú ìyá oníyàá kọ́. Ohun tí glaucoma bá ti jẹ nínú ojú kì í padà. Ìyókù là ń dáàbò bò.

Àbẹ̀ní, Lugbe:
Èyí tí wọ́n bá fún wọn, ẹ̀kán kan tó. Kí wọ́n di ojú, kí ẹ fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kó má bàa sá wọ ẹ̀jẹ̀. Màámi tèmi á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí ata wọ̀ lójú, gbogbo ẹ̀ á dà sẹ́rẹ̀kẹ́.

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ ṣé o. A lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n dá timolol dúró, wọ́n kọ latanoprost. Wọ́n á tún atenolol yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ńbà kẹta ti di 63 láàárọ̀ yìí. Mo kọ orúkọ òògùn méjèèjì sí bébà, mo fi sínú báàgì wọn. Màámi wá ń bi mí, ta ni yóò máa bá àwọn tẹ imú bí àwọn bá padà sí Ìlọrin.