Ẹ gbà mí o! Diff lock katakata mi kò fẹ́ tú mọ́

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi. Ọ̀la ni yóò pé ọjọ́ mọ́kànlá tí katakata mi ti wà lójú kan lábẹ́ igi kajú, òjò sì ti ń rọ̀. Gbogbo ẹni tí mo ti gba owó ìtúlẹ̀ lọ́wọ́ wọn ló ń pè mí. Ẹnì kan tiẹ̀ wá ká mi mọ́ mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní ṣé mo ti fi owó òun fẹ́yàwó ni. Níṣojú lèmọ́mù!

Katakata kékeré ni, tokunbo láti Japan. Diff lock ni pẹ́dà tí a ń tẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè jọ yí nínú ẹrẹ̀; tèmi ti há. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ dáwó rà á. Ọ̀rẹ́ yìí kì í rí owó bó bá bàjẹ́, àmọ́ kì í gbàgbé ọjọ́ tí a ó pín èrè. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n tà á, kí n lọ ra màlúù.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ gba ₦45,000, ó ní spring ló kú, ó fi tuntun sí i. Ó ṣiṣẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo dé oko, ó tún di ohun àná. Ẹnì kejì gba ₦70,000, ó tú pẹ́dà náà, ó fọ̀ ọ́, ó fi gíríìsì pa á. Òun náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́. Àfi bíi pé iwájú mẹkáníìkì nìkan ni katakata yìí ti ń mọ̀wà hù!

Ohun tó ń ṣe ni pé bí mo bá fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà diff lock nínú àkùrọ̀, ó ń wọlé dáadáa. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, pẹ́dà kì í gbéra nílẹ̀. Mo fẹ́ yí sọ́tùn-ún, kò yí. Táyà iwájú á kàn máa wọ́ nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ tí mo lò ó kẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kó gbé mi wọ kòtò. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí odidi diff, àwọn jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, rà ní Ìbàdàn? Mo ti ṣe tán, kí n kúkú pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ kí ara tù mí.

Adé Onígbágùúdá
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ ò sọ irú èyí tó jẹ́. Four-wheel ni àbí two-wheel? Láti ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Olóko, Ọ̀yọ́
Hmm. Ọ̀rọ̀ katakata, ẹ má mú un wá síwájú mi. Lọ́dún tó kọjá, dírẹ́bà tí mo gbà fi ẹsẹ̀ lé kọ́lọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó jó o ráúráú. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun rò pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sinmi ẹsẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n o!

Kọ́lá Àgbàdo
Spring ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pààrọ̀ spring.

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
@Kọ́lá, ṣé o ka ohun tí mo kọ? Wọ́n ti pààrọ̀ spring. ₦45,000!
@Adé, two-wheel ni. A ò ṣe nǹkan kan sí i. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni.

Kọ́lá Àgbàdo
Ẹ má bínú sà. Ẹ wá fi gíríìsì sí i.

Wálé, Texas
Bàbá, mo kí yín o. Mo ní kékeré kan tí mo fi ń tọ́jú éékà mẹ́fà níbí. Tèmi náà máa ń há nígbà mìíràn. Ìwé tó bá a wá sọ pé bó bá kọ̀ tí kò tú, kí a máa tẹ búréèkì ọ̀tún àti ti òsì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìkan-lé-ìkan, bí ó ṣe ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ irin tó so pẹ́dà búréèkì méjèèjì pọ̀. Èmi máa ń fi ríbáàsì díẹ̀ kún un.

Dírẹ́bà Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́
Texas! Ilẹ̀ tí wọ́n gé koríko rẹ̀ bí irun orí, ṣé ìyẹn la fẹ́ fi wé àkùrọ̀ Ìsẹ́yìn? Bàbá Ràṣídì, ẹ̀yin gan-an lẹ ń lò ó bí kò ṣe yẹ. Ẹ̀yin àgbẹ̀ òde òní, táyà á ti máa yí fìrìfìrì nínú ẹrẹ̀ kí ẹ tó kán lu diff lock. Eyín rẹ̀ á fọ́! Kí táyà tó yọ̀ rárá la ti ń tẹ̀ ẹ́, tàbí kí a kọ́kọ́ dúró. A kì í sì í tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà láéláé. Ẹ lọ bá àwọn NCAM ní Ìdófìàn, nítòsí Ìlọrin, iṣẹ́ ẹ̀rọ oko ni iṣẹ́ wọn, kí wọ́n kọ́ yín.

Wálé, Texas
Ẹ̀gbọ́n, irin ni irin. Eyín tó wà nínú tèmi kò mọ̀ pé òun wà ní Amẹ́ríkà.

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Mo dúpẹ́ o, Wálé. Mo dán ti búréèkì wò. Ó tú lẹ́ẹ̀kan, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún há.
@Dírẹ́bà Àgbà, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń wa katakata. Mi ò wá fún ẹ̀kọ́.

Mẹkáníìkì Ṣakí
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká rọra. Bàbá, ẹ má ì tíì ra diff kankan.

Bí ẹ bá ń yí kọ́nà, táyà tó wà lóde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Diff ló ń jẹ́ kí ọ̀kan yára kí èkejì rọra. Àléébù rẹ̀ ni pé bí táyà kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, èyí tó ń yọ̀ ni gbogbo yíyí ń bá lọ, èkejì á dúró. Ìdí tí wọ́n fi ṣe lọ́ọ̀kì sí i nìyẹn. Pẹ́dà yín ń ti ọ̀pá kan, ọ̀pá ń ti fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì á sún kọ́là irin kan tó léyín wọ inú diff. Láti ìgbà yẹn, táyà méjèèjì ti di ọ̀kan, bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ méjì bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Ẹ ò lè yí dáadáa.

Spring nìkan ló ń fa kọ́là yẹn jáde. Spring kò sì lágbára láti fà á bí eyín bá ń ti ara wọn gidigidi. Ìbéèrè mi rèé: nígbà tí mẹkáníìkì kejì fi jáàkì gbé e, kí ló ṣẹlẹ̀?

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Háà! Ẹ rán mi létí nǹkan kan. Bó ṣe fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí táyà kúrò nílẹ̀, ó dún "gbàù!", pẹ́dà fò sókè, ó gbá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Ọ̀gá náà ní òun ti rí i, pé ìdọ̀tí ló há a. Ló bá fọ̀ ọ́.

Mẹkáníìkì Ṣakí
Ẹ dúró níbẹ̀. Ìdọ̀tí kì í dún gbàù. Nǹkan ló ń lọ́ ọ̀pá ásùlù yín, àwọn ọ̀pá tó so diff mọ́ táyà, mọ́ra wọn. Bí táyà ṣe kúrò nílẹ̀, ó rí ọ̀nà tú. Ìdí nìyẹn tó fi ń mọ̀wà hù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tún un gbé sókè lẹ́yìn, táyà méjèèjì, kí ẹ fi òkúta dí tiwájú níwájú-lẹ́yìn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí jíà. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà kan. Bí lọ́ọ̀kì bá ti tú, èkejì á yí sí òdìkejì. Bó bá ṣì wà lọ́ọ̀kì, kò ní yí rárá.

Ẹ tún sọ fún mi: táyà ẹ̀yìn ńkọ́? Afẹ́fẹ́ wọn dọ́gba?

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Mo ṣe é. Ó yí sí òdìkejì, wọ́ọ́rọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ dọ́gba. Táyà mi dáa gan-an.

Kọ́lá Àgbàdo
Bó bá yí sí òdìkejì, spring ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo ti sọ pé spring ni.

Ìyá Olóko, Ọ̀yọ́
Kọ́lá, jọ̀ọ́.

Ìyá Ràṣídì
Bàbá Ràṣídì, ẹ sọ òótọ́ fún àwọn èèyàn yìí. Ẹ̀yin ará, nígbà ọyẹ́ ni táyà ọ̀tún bẹ́. Ìbàdàn ni èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ti wá, lọ́dọ̀ àbúrò wọn tó ń ta tokunbo táyà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wí pé katakata yìí dà bí ẹni tí èéwo mú nítan, ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní obìnrin ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ.

Adé Onígbágùúdá
Áà. "A ò ṣe nǹkan kan sí i."

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Ìyá Ràṣídì, inú yàrá la ti ń sọ ìyẹn.
Ẹ̀yin ará, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Kò lè ta ohun tí kò dáa fún mi. Táyà wọ rim rẹ̀ géérégé, ó ṣì ní eyín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Diff ni mo bèèrè, mi ò bèèrè táyà.

Mẹkáníìkì Ṣakí
Kò sẹ́ni tó bú àbúrò yín, bàbá. Ẹ sáà ka nọ́ńbà tó wà lára táyà méjèèjì fún wa.

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Òsì: 11.2-24. Ọ̀tún: 12.4-24.

Dírẹ́bà Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́
Kí ni ìyẹn fi ṣe? 24 ni méjèèjì. Díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi jura wọn. Mo ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń túlẹ̀.

Wálé, Texas
24 yẹn, rim nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ńbà iwájú ló ń sọ ìbú táyà, táyà tó bá sì fẹ̀ jù á ga jù.

Mẹkáníìkì Ṣakí
Ká má jà. Bàbá, ẹ gbé e lọ sí ilẹ̀ tó le. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sára táyà kọ̀ọ̀kan níbi tó ti kanlẹ̀, kí ẹ fa òmíràn sí ilẹ̀. Ẹ tì í títí ìlà táyà á fi padà kanlẹ̀. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀.

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Èmi àti Ràṣídì la ṣe é láàárọ̀ yìí. Òsì rin 329 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀tún rin 346.

Mẹkáníìkì Ṣakí
Sẹ̀ǹtímítà 17 ní yíyí kan. Ní yíyí mẹ́wàá, ó ti ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá ti lọ́ọ̀kì í, ẹ ti pàṣẹ fún méjèèjì pé iye kan náà ni kí wọ́n yí, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ń fẹ́ lọ jìnnà ju èkejì. Nínú ẹrẹ̀, ọ̀kan lè yọ̀ díẹ̀, wọn á bára wọn dọ́gba. Bí ẹ bá jáde sí ilẹ̀ tó le, kò síbi tí wọn á yọ̀ sí, ni wọ́n bá ń lọ́ ásùlù, eyín kọ́là á há mọ́ra, spring á máa fà lásán. Ẹ lè ra diff mẹ́ta, bákan náà ni.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé bí lọ́ọ̀kì bá tú pàápàá, àwọn jíà kéékèèké inú diff ò sinmi, kódà lójú ọ̀nà tó tọ́. Kọ́nà ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Láti ìgbà ọyẹ́ ni tiyín ti ń ṣe kọ́nà.

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
₦115,000 mo ti san fún mẹkáníìkì.

Ìyá Ràṣídì
Ẹ fi owó táyà kún un.

Adé Onígbágùúdá
Táyà àtijọ́ ńkọ́ sà? Ṣé kò ṣe é lẹ̀?

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Fọ́kánáísà lẹ táyà àtijọ́, ó ki túùbù bọ̀ ọ́, a gbé e padà. Lánàá mo wọ àkùrọ̀, mo tẹ lọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bí mo bá ti gbé gìgísẹ̀, pẹ́dà ń gbéra. Lẹ́ẹ̀kan péré ló lọ́ra, mo sì ṣe ti búréèkì bí Wálé ṣe wí. Mo ti pe àbúrò mi. Ó ní 11.2 tán lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ yẹn, òun ò sì fẹ́ kí n wá lásán. Ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀.

Mẹkáníìkì Ṣakí
Ẹ tú ọ́ìlì ìdí katakata, èyí tí diff wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ẹ fi òòfà tọ́ ọ wò.

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Mo fi òòfà tí mo yọ lára sípíkà rédíò tọ́ ọ. Ó gbé nǹkan dúdú jáde, bíi tìróò.

Mẹkáníìkì Ṣakí
Ẹ fi ìka ra á wò. Ó kúnná, àbí èérún irin tó ń gún ọwọ́ wà nínú rẹ̀?

Bàbá Ràṣídì, Ìsẹ́yìn
Ó kúnná lẹ́bulẹ́bu. Kò sí èérún.

Mẹkáníìkì Ṣakí
Ó dáa, ó jọ pé eyín kankan kò tíì fọ́ nìyẹn. Ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i, irú èyí tí ìwé rẹ̀ sọ ni o, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ tún un tọ́ wò lẹ́yìn ìtúlẹ̀ ọdún yìí. Ẹ padà sóko.

Alágbàdo Òkè-Ògùn
Bàbá Ràṣídì, ẹ kú oríire. Èmi tí mo wá bá yín ní mọ́ṣáláṣí nìyí. Éékà mẹ́ta ni tèmi o. Ṣé kí n máa retí yín lọ́la?