CPL wo ló máa bá tèmi mu? Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni!

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi fi CPL kan ránṣẹ́ láti Faransé, ẹ̀rọ tó ń gba okùn iná ilé gbé ayélujára dé yàrá mìíràn. Méjì ló máa ń bára wọn ṣiṣẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì fi ránṣẹ́. Wi-Fi kì í dé yàrá ẹ̀yìn, ọmọ sì ní ìdánwò orí ayélujára lọ́jọ́bọ̀. Kutọnu ni mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Èwo ni kí n rà kún un?

Bàbá Sùkúrá, Kétu: Kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀? HomePlug AV àbí G.hn, èdè méjì tí CPL fi ń bára wọn sọ̀rọ̀? Ẹ má wo orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan. Devolo ló ṣe dLAN, òun náà ló ṣe Magic, síbẹ̀ wọn kì í bára wọn ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má rà á o! Ẹni tó ta tèmi ní gbogbo CPL, ọ̀kan náà ni. Mo délé, mo tẹ bọ́tìnì títí ìka fi ń ro mí, iná pupa ṣáá ni. Mo gbé e padà, ó ní mo ti ya páálí, òun ò gbà á mọ́. Owó mi wọgbó!

Ọmọ Ṣábẹ̀: Háà! Ṣọ́ọ̀bù wo ni, ká lè yàgò?

Ìyá Ìbejì: Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run rí i.

Ṣadé: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Wọ́n ṣe mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ra modem. Ayé bàjẹ́!

Oníná Ouando: Ìyá Ìbejì, ṣé ara ògiri gan-an lẹ fi í sí, àbí ara rallonge, okùn tí wọ́n fi ń fa iná gùn? Rallonge àti onduleur, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná pamọ́, máa ń pa CPL lẹ́nu mọ́. Àti pé lórí compteur (mítà iná) kan náà ni kí yàrá méjèèjì wà. Ilé tí wọ́n fa iná yàrá ẹ̀yìn láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò pọ̀ l'Ájàṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀.

Bàbá Sùkúrá, Kétu: Ẹ̀yin oníná, compteur kọ́ lọ̀rọ̀ níbí. HomePlug àti G.hn ò lè ríra wọn, kódà lórí prise tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Oníná Ouando: Bàbá, mo ti rí méjì tó jáde nínú páálí kan náà tí wọn ò ríra wọn. Ilé phase mẹ́ta ni, ìlà iná mẹ́ta ló wọ ilé, ọ̀tọ̀ ni èyí tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà. Kí lẹ máa sọ sí ìyẹn?

Káyọ̀dé: Ẹ̀yin èèyàn yìí! Okùn RJ45, okùn ayélujára lásán, mítà 20, kó gba òkè àjà kọjá. Ó tán.

Ṣadé: Ẹ jọ̀ọ́, forfait ayélujára wo ló dáa báyìí? Tèmi kì í lo oṣù.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. TP-Link AV600.

Bàbá Sùkúrá, Kétu: Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ látàárọ̀. HomePlug AV nìyẹn. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ AV tàbí AV2 sí lára páálí. Ẹ tẹ bọ́tìnì Pair lára ọ̀kan, kí ìṣẹ́jú 2 tó pé kí ẹ tẹ ti èkejì. Ẹ má retí ìyára 600 Mbps o. Ojú ihò okùn ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọjá 100 Mbps.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá ọmọ ní ká gbé tábìlì rẹ̀ wá sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ modem. Ìyẹn la ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ra CPL ẹyọ kan, kó kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Èló?