Èsì: kwaṣiọ́kọ̀, àìjẹunrekánú, àti àtòjọ ọ̀rọ̀ ìlera fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àtòjọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa gbé síta lọ́jọ́ Ajé, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò ẹ̀kọ́ ìlera. Iṣẹ́ takuntakun ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlà kan ni ọkàn mi kò gbà. Wọ́n ní kí kwaṣiọ́kọ̀, àìsàn oúnjẹ tó ń mú ọmọ wú, àti màrásímọ́ọ̀sì, èyí tó ń mú un rù, jọ máa jẹ́ "àìjẹunrekánú", pé kò yẹ ká máa yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí tiwa wà nílẹ̀. Olùkọ́ ni mí. Mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè fi ojú ọmọ rí nínú ìdánwò, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́.

Ní sáà tó kọjá, mo bi àwọn ọmọ mi ní ìbéèrè kan. Mo ní ọmọ ọdún méjì kan wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, irun rẹ̀ pọ́n, ó sì ń tu. Kì í ṣeré mọ́, ẹkún ló ń sun ṣáá. Kí ló ń ṣe é? Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ ìdánwò ní tòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń là á yé wọn. Ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ pé kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Kì í ṣe àìjẹunrekánú, torí ikùn rẹ̀ kún." Ó pẹ́ kí n tó gbé ìwé náà sílẹ̀. Kwaṣiọ́kọ̀ ló ń ṣe ọmọ inú ìbéèrè náà, àìjẹunrekánú sì ni. Ọmọbìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó gbọ́ "kánú", kò gbọ́ "re".

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò: jẹun, re, kánú. "Re" yẹn ni ire, ohun tó dára. Ènìyàn lè jẹun kó yó bámúbámú, síbẹ̀ kí ire má sí nínú ohun tó jẹ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni etí ọmọdé ti ń fò ó, torí ó kéré, ó sì há sí àárín. N kò ní ká ju ọ̀rọ̀ náà nù. Ọ̀rọ̀ gidi ni fún gbogbo agbo àìsàn tí oúnjẹ tí kò pé ń fà, títí kan gẹ̀gẹ̀ tó ń ti ara àìtó áyódìn wá, àti àìríran lálẹ́ tó ń ti ara àìtó fítámì A wá. Orúkọ agboolé ni. A kì í sì í fi orúkọ agboolé pe ọmọ kan nínú ilé, ká wá retí pé òun nìkan ni yóò dáhùn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kwaṣiọ́kọ̀ àti màrásímọ́ọ̀sì gan-an ni ìdánwò fẹ́ràn láti béèrè. Ọmọ tí màrásímọ́ọ̀sì bá mú rù kan eegun, ojú rẹ̀ a dà bí ojú arúgbó, awọ ara rẹ̀ a hunjọ. Gbogbo oúnjẹ ni kò tó o, àtafúnnilókun, àtamúaradàgbà. Ti kwaṣiọ́kọ̀ wú ni. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ mú un kúrò: ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún padà. Omi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹran. Ìyá tí kò mọ̀ á ní ọmọ òun ń sanra. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì lè máa jẹun o: ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, láfún lálẹ́. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ògì. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ. Eèrí tó kù lórí asẹ́, ewúrẹ́ la ń fún, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú ohun tí ọmọ ì bá fi dàgbà ti bá eèrí lọ. Bí a bá wá po ògì ọ̀hún láìsí ẹ̀wà, ẹyin, edé tàbí ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ á yó, ṣùgbọ́n "re" kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wí ńkọ́? Kwaṣiọ́kọ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Èdè Gã ni, èdè àwọn tó ni ilẹ̀ Accra ní Gánà. Dókítà Cicely Williams, ọmọ bíbí Jàmáíkà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Gold Coast, ló kọ̀wé nípa àìsàn náà ní 1933. Ní 1935 ló gbé orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ sínú The Lancet, ìwé àwọn dókítà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tó ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Àwọn ìyá Gã ti rí i kí dókítà tó rí i: wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí èyí tó tẹ̀ lé e, ògì àgbàdo nìkan ló sì kù fún un. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni. Ó tún ń sọ ìgbà tó yẹ kí ìyá la ojú sílẹ̀ fún wa.

Ẹnìkan dámọ̀ràn "àrùn àìtó-amúaradàgbà" dípò rẹ̀. Ohun tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi ohun tí a rò pé ó fa àrùn sọ kì í pẹ́ dani. "Malaria" lédè Ítálì, afẹ́fẹ́ burúkú ni, torí wọ́n gbà pé òórùn irà ló ń fà á. Ìgbà tí dókítà Ronald Ross fi máa rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà ní 1897, orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Casimir Funk, onímọ̀ kẹ́míkà kan, sọ "vitamine" lórúkọ ní 1912 torí ó rò pé amine, irú èròjà kẹ́míkà kan, ni gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wá gé lẹ́tà tó kẹ́yìn kúrò. Kwaṣiọ́kọ̀ náà, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá àìtó amúaradàgbà nìkan ló ń fà á, torí ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí a bá so orúkọ mọ́ ìdí, tí ìdí wá yí, irọ́ la fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ohun tí ojú rí ni àwọn tó ṣáájú wa fi ń sọ àrùn lórúkọ. Onígbáméjì: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ ti mọ àmì méjì kí olùkọ́ tó lanu. Kò sì ní ṣòro fún un láti mọ̀ pé omi tó ń tojú méjì jáde ló ń pa aláìsàn, pé ìdí nìyẹn tí a fi ń yára fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ta ló nílò àlàyé?

Àbá mi nìyí. Kí kwaṣiọ́kọ̀ dúró, ká kọ ọ́ ní ìlànà Yorùbá, kí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gã wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màrásímọ́ọ̀sì ni ká sọ lórúkọ, torí rírù lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gíríìkì, a sì ní rírù nílé. Mo mú "amọ́mọrù" wá, ohun tó ń mú ọmọ rù. Mo ti lò ó ní kíláàsì, kò sí ẹni tó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo máa ń fi "amọ́mọwú" ṣàlàyé èkejì, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó wọ inú àtòjọ, torí àìsàn kíndìnrín náà ń mú ọmọ wú.

Ó ku méjì, wéré ni. Àtọ̀gbẹ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtumọ̀ sí i, ẹni tó ń tọ̀ títí ó fi ń gbẹ. Ọmọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó rọra béèrè bóyá obìnrin náà máa ń ní in. Àtọ̀ tọkùnrin ló kà síbẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí méjèèjì jọ wà. Èkejì ni aṣaralóore: ní ìlà kan ó jẹ́ fítámì, ní ìlà mìíràn ó jẹ́ gbogbo èròjà inú oúnjẹ. Kó jẹ́ ti gbogbo èròjà, kí fítámì máa jẹ́ fítámì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, àti ẹ̀yin àgbà Èkìtì: ǹjẹ́ ẹ̀ka-èdè yín ní orúkọ fún àìsàn ọmọ tí àbúrò lé kúrò lẹ́nu ọmú? Bó bá wà, màá fa orúkọ Gã kúrò nínú àbá mi, tiyín ni n ó sì máa kọ́ àwọn ọmọ mi.