Mátì ń rùn, làpálàpá ti yọ lára àwọn ọmọ: báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ibi tí ẹ ti ń kọ́ ìjà?

Jùdò Kàbà
Òkun o, ẹ̀yin ará. Mátì fóòmù 48 ló wà nílẹ̀, oní mítà kan sí mítà kan, nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Gbogbo alẹ́ Sátidé ni wọ́n ń kó o kúrò kí wọ́n lè to àga. Ó ti ń rùn, làpálàpá sì ti yọ lára ọmọ méjì. Kí lẹ ń fi fọ tiyín?

Adétutù
Dettol.

Kóòṣì Ìsánlú
Òkun o. Ẹ gbá a, ẹ fi omi ọṣẹ nù ún, ẹ ṣan ọṣẹ náà kúrò, kí ẹ tó fọwọ́ kan Hypo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣì í: wọ́n á da Hypo lé ìdọ̀tí lórí. Òógùn àti ìdọ̀tí ni yóò jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó dé ara kòkòrò.

Ẹ wo ara ike rẹ̀. Bó bá jẹ́ 3.5 nínú 100 ni wọ́n kọ síbẹ̀, agolo mílíìkì kékeré kan, bíi mílílítà 150, ló tó fún omi lítà 10. Kí mátì wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10. Lákòókò ọyẹ́, kò ní pé ìṣẹ́jú 3 tí yóò fi gbẹ, nítorí náà ẹ tún un nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi omi lásán nù ún. Hypo tó bá gbẹ mọ́ ọn ló ń mú kí ojú mátì le, kó sì máa sán, àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà á sì máa ta wọ́n. Èyí tí ẹ bá pò lónìí, ẹ dà á nù lónìí.

Ìyá Ìbejì
Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Imú ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ níbi ìjà.

Kóòṣì Ìsánlú
Ìyẹn le jù ti ojoojúmọ́ lọ, Mà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ tí ẹ máa jù nù fa ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, kí ẹ wá po Hypo ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n 6. Ìṣẹ́jú 10 náà ni. Èyí kan náà ni kí Jùdò Kàbà lò lórí mátì tí àwọn ọmọ onílàpálàpá ti yí, torí kòkòrò làpálàpá ń pẹ́ lórí nǹkan, ó ń lo oṣù.

Adétutù
Ẹ kàn fi Izal díẹ̀ kún Hypo yẹn, gbogbo rẹ̀ á kú.

Nọ́ọ̀sì Ìyàrá
Gbogbo yín náà lẹ máa kú pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Hypo kì í bá nǹkan mìíràn gbé inú garawa kan. Bí ọmọ bá tọ̀ sórí mátì, omi àti ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ìtọ̀ náà dànù. Hypo tó bá bá ìtọ̀ pàdé ń yọ èéfín tó ń fún ni lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí kíkan. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí.

Baba Gìdìgbò
Orí yanrìn ni àwọn baba wa ti ja gìdìgbò. Ta ló bu Hypo sí i? Ìgbà tí òyìnbó gbé fóòmù dé ni làpálàpá dé.

Nọ́ọ̀sì Ìyàrá
Làpálàpá ti wà kí fóòmù tó dé o, Bàbá. Yanrìn yẹn gan-an, ajá àti ológbò ń yàgbẹ́ sí i. Aràn inú ìgbẹ́ wọn ń wọ àtẹ́lẹsẹ̀, á máa rìn lábẹ́ awọ, á fa ìlà pupa tó ń yún ni lóru.

Baba Gìdìgbò
Ẹ fi tapólì bò ó lálẹ́ nígbà náà. Láàárọ̀ ẹ ṣí i, ẹ fi ráàkì tú u, kí oòrùn lè rí inú rẹ̀. Ìyẹn ò tó garawa kan.

Kóòṣì Ìsánlú
Ti tapólì yẹn, mo gbà.

Bẹ́líìtì Ewé
Nínú fídíò àwọn ará Japan, aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi ń nù ún. Ṣé irọ́ ni?

Kóòṣì Ìsánlú
Kì í ṣe irọ́, àbúrò. Tatami nìyẹn, mátì tí wọ́n fi koríko hun. Bí Jigoro Kano, ará Japan tó dá jùdò sílẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1882, mátì 12 irú rẹ̀ ló tẹ́ sínú tẹ́ḿpìlì. Koríko kò fẹ́ omi, yóò bu. Fóòmù ni tiyín, omi kò pa á lára. Oòrùn ló ń pa á lára: á sún kì, eyín rẹ̀ kò ní wọnú ara wọn mọ́.

Tae Ọ̀wọ́rọ̀
Jùdò Kàbà, kíkó tí wọ́n ń kó o ní Sátidé yẹn, oore ni wọ́n ń ṣe yín. Sìmẹ́ǹtì ń fa omi láti ilẹ̀, pàápàá lásìkò òjò, mátì tó bá jókòó lé e lórí fún oṣù kan á hu dúdú nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tò ó ni kí ẹ ṣọ́: kí ojú kọjú sí ojú, kí ìdí kọjú sí ìdí. Bí ìdí ọ̀kan bá ń jókòó lé ojú èkejì, ìdọ̀tí ilẹ̀ ni ọmọ yóò fi ẹnu kàn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn. Tó bá tutù, ẹ má tò ó, ẹ fi ti ògiri.

Ìyá Ìbejì
Àwọn ọmọ méjì náà ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa bọ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìyàrá
Ìlànà ìjàkadì ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà ni pé kí ọmọ ti lo oògùn fún wákàtí 72 kó tó padà tó bá jẹ́ ara, ọjọ́ 14 tó bá jẹ́ orí. Ti orí, ìpara nìkan kò ràn án, oògùn mímu ni. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara alápòpọ̀ ọjà tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù: pípupa rẹ̀ á lọ, ẹ ó rò pé ó ti san, ó ń tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni.

Adétutù
Sálúbàtà ńkọ́?

Tae Ọ̀wọ́rọ̀
Etí mátì ni kó wà, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lọ ilé ìgbẹ́. Ibi tí ẹ sọ òótọ́ sí nìyẹn lónìí.

Jùdò Kàbà
Ẹ ṣeun gan-an. Mọ́ọ̀pù kan náà ni wọ́n fi ń nu ilé ìgbẹ́ àti mátì níbí.

Nọ́ọ̀sì Ìyàrá
Háà!

Kóòṣì Ìsánlú
Ẹ ra òmíràn kí ẹ tó ra Hypo. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi ti ilé ìgbẹ́.